Àwẹ̀ró Ọmọ Makífì, Ẹni Tó Dúró Lórí Òkúta Baba Rẹ̀

Màmá Sàbáínà, àbígbẹ̀yìn Àwẹ̀ró, ni ó kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí ní gbangba, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1926, nígbà tí ìdílé Makífì péjọ láti pààrọ̀ òrùlé ilé ńlá tó kọjú sí ọ̀sà. Ẹnu ìyá rẹ̀ ló ti gbọ́ ọ. Àwọn àgbà Idó Ọ̀sà tí a bi léèrè lẹ́yìn rẹ̀ yàtọ̀ síra lórí ohun kéékèèké, bí àwọ̀ ìgbòkun ọkọ̀ Àwẹ̀ró, ṣùgbọ́n ẹnu gbogbo wọn kò lórí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1894, ewu rọ̀ dẹ̀dẹ̀ sórí gbogbo ẹni tó ń gbé ní Imú Ilẹ̀, ìyẹn ṣóńṣó ilẹ̀ tó na ọrùn wọ inú ọ̀sà ní ìlà-oòrùn Idó Ọ̀sà. Omi ibẹ̀ jìn, ọkọ̀ ńlá lè sún mọ́ bèbè láìkanlẹ̀, àwọn oníṣòwò gẹdú sì ti ń wò ó bí ológbò ṣe ń wo ẹja. Ọ̀tún Lásúdé, igbákejì Baálẹ̀, ti ṣèlérí ilẹ̀ náà fún wọn. Lásúdé ga bí igi àgbọn, a-rìn-gbẹ̀rẹ̀-bí-ẹni-tó-ni-ọ̀nà. Ìbọn rẹ̀ pọ̀, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀, síbẹ̀ kì í fi ipá mú ohunkóhun tí kò bá tíì rí òfin tí yóò bá a gbé e. Èyí tó hú jáde lọ́dún náà ni òfin Pípe Baba, òfin àtijọ́ tó ní kí olórí ilé tí wọ́n ń bá du ilẹ̀ bọ́ bàtà, kí ó dúró lórí ilẹ̀ náà níwájú ìlú, kí ó pe orúkọ àwọn baba rẹ̀ títí dé ìran márùn-ún, kí ó sì sọ ibi tí olúkúlùkù wọn sùn sí. Ilé tí orúkọ bá tán mọ́ lẹ́nu kí ó tó pé márùn-ún, àlejò ni, àlejò kò sì nílẹ̀. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, kí ó ti kó ẹrù rẹ̀.

Baba kan ṣoṣo ni ilé Makífì ní tí wọ́n lè pè. Òun ni Áńgọ́ọ̀sì Makífì, òyìnbó pupa onírùngbọ̀n yẹ́úkẹ́ tí ìlú ń pè ní Agbẹ́kọ̀-má-rì. Erékùṣù kan ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Sìkọ́tíláǹdì ni wọ́n bí i sí. Onílẹ̀ ibẹ̀ fẹ́ fi gbogbo ilẹ̀ da àgùntàn, ó sì lé odindi abúlé jáde, ó kó wọn sínú ọkọ̀ bí ẹni kó èpo iṣu. Áńgọ́ọ̀sì di káfíńtà lójú òkun, ó ń ti èbúté dé èbúté, títí ọkọ̀ tó wà nínú rẹ̀ fi fọ́ sí ẹnu ọ̀sà, níbi tí òkun àti ọ̀sà ti pàdé. Àwọn apẹja Idó Ọ̀sà fà á jáde, kò sì lọ mọ́. Baálẹ̀ ìgbà náà fún un ní Imú Ilẹ̀, tó jẹ́ ẹrẹ̀ àti ìgbẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́. Ó ṣán an, ó fẹ́ Ẹfúnbọ̀ ọmọ apẹja, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kan ọkọ̀ tí ìgbì kò lè tú. Nígbà tí ogun ilẹ̀ òkè ń lé ènìyàn kiri, ẹni tó bá sá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ a rí ibi kọ́lé sí, nítorí ó ní òun mọ bí ó ti ń rí nígbà tí wọ́n bá fa ilẹ̀ yọ lábẹ́ ẹsẹ̀ ènìyàn. Báyìí ni Imú Ilẹ̀ ṣe di àdúgbò ńlá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi í léèrè àwọn baba rẹ̀, a kàn na ọwọ́ sí òkun, a ní, “Wọ́n wà níbẹ̀,” a sì gbé àáké rẹ̀. Ó kú láìsọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ilé rẹ̀ bá ṣubú nínú òfin yìí, gbogbo àwọn tó fún nílẹ̀ ṣubú pẹ̀lú rẹ̀.

Fọlárìn, àkọ́bí Áńgọ́ọ̀sì, pe ìpàdé sí abẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni Fọlárìn, ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ìjà kò sí lára ohun tó jogún. Ó sọ fún wọn pé àfi kí wọ́n kó irinṣẹ́ kí wọ́n wá bèbè mìíràn kí ìtìjú tó dé. Àwọn àgbà àdúgbò wolẹ̀. Àwọn ìyá tí wọ́n ti sá ogun rí bẹ̀rẹ̀ sí wo ìkòkò wọn bí ẹni ń yan èyí tí yóò gbé.

Ìgbà náà ni Àwẹ̀ró dìde. Òun ni ọmọ kejì, opó ni, ìyá ọmọ sì ni. Àwẹ̀ró a-dí-ihò-ọkọ̀-bí-ẹni-ń-dirun, obìnrin alápá bí àjẹ̀, tí ọ̀dà kì í kúrò ní èékánná rẹ̀ títí kan ọjọ́ ọdún. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó fi òwú àti ọ̀dà dí ojú pákó gbogbo ọkọ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá kàn, kò sì sí apẹja kan ní Idó Ọ̀sà tí kò fi ẹ̀mí ara rẹ̀ sábẹ́ ọwọ́ obìnrin yìí.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ni ó wí, “wọ́n lé baba wa, ó dé ibí. Bí wọ́n bá lé àwa, ibo la ó dé?”

“Orúkọ ni wọ́n bi wá, Àwẹ̀ró. Ṣé ìwọ mọ orúkọ náà ni?”

“N ò mọ̀ ọ́n. Mo mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n.”

Ẹni tó ní lọ́kàn ni Kírísítì, ẹ̀gbọ́n Áńgọ́ọ̀sì lóbìnrin, tó bá ọkọ rẹ̀ atukọ̀ dé Àgbádárìgì. Nígbà tí ọkọ náà kú, wọ́n ní kí ó padà sílé, ó sì bi wọ́n pé ilé wo, nígbà tó jẹ́ pé àgùntàn ló ń sùn níbi tí wọ́n bí òun sí. Arúgbó kùjọ́kùjọ́ ni lákòókò yìí, bí ó bá sì kú, orúkọ gbogbo bá a lọ. Ọ̀tún Lásúdé náà kò sùn. Ó ti fi ọkọ̀ àwọn oníbọn rẹ̀ dí ojú ọ̀sà ní ìwọ̀-oòrùn, lọ́nà Àgbádárìgì, ó ní ẹnikẹ́ni láti Imú Ilẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá kí ọjọ́ Pípe Baba tó pé, kí wọ́n má baà kó ohun ìní ìlú sá lọ. Ọ̀nà kan ló ṣẹ́ kù, ìyẹn láti ẹnu ọ̀sà jáde sórí òkun gbalasa, níbi tí ọkọ̀ baba wọn ti fọ́.

Àwẹ̀ró mú ọkọ̀ kékeré tí Áńgọ́ọ̀sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn, ó ta ìgbòkun, ó sì kọjú sí ẹnu ọ̀sà. Àwọn oníbọn Lásúdé rí i lókèèrè. Wọn kò tẹ̀ lé e. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹja ti rí oúnjẹ alẹ́. Baba rẹ̀ ti kọ́ ọ láti kékeré pé ìgbì dà bí àgbà tó ń bínú: bí ó bá ń pariwo, má dá a lóhùn, dúró kí ó mí, kí o wá kọjá. Àwẹ̀ró dúró. Ìgbì àkọ́kọ́ gbé e sókè ó sì dá a padà, èkejì bu omi kún ọkọ̀ dé orúnkún rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ ti àjẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń gbọ́n omi, ó ń wo ojú òkun. Nígbà tí òkun mí, ó fa okùn ìgbòkun, ọkọ̀ náà sì gba àárín ìgbì méjì kọjá bí abẹ́rẹ́ ṣe ń gba inú aṣọ. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń kì í ní Makífì obìnrin, a-dúró-kí-òkun-mí.

Nígbà tó dé Àgbádárìgì, ó bá arúgbó pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan lẹ́yìn ilé, tó ń fi èdè Ègùn bá ewúrẹ́ rẹ̀ jà. Arúgbó náà gbójú sókè, ó wò ó pẹ́.

“Imú baba mi nìyẹn,” ni ó wí ní Yorùbá. “Ta ló gbé e fún ọ?”

“Áńgọ́ọ̀sì ni, ìyá. Ọmọ rẹ̀ ni mí.”

“Kò gbé e fún ọ dáadáa. Ó tóbi jù. Wọlé, kí o jẹun.”

Nígbà tí Àwẹ̀ró ti ro ẹjọ́ tán, Kírísítì sọ fún un pé ní erékùṣù àwọn, ọmọ tí kò bá lè pe àwọn baba rẹ̀, wọn kì í fún un ní ṣíbí. Gbogbo ilé ló mọ̀ ọ́n sẹ́nu. Nígbà tí ajẹ́lẹ̀ onílẹ̀ wá lé wọn, ó bi Íánì, baba Kírísítì àti Áńgọ́ọ̀sì, pé àṣẹ ta ló fi ń gbé ibẹ̀. Íánì lè pe ìran rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ gúnlẹ̀ ní erékùṣù náà, ṣùgbọ́n ó di fìlà rẹ̀ mú, ó wo bàtà ajẹ́lẹ̀, kò sì fọhùn. Wọ́n da omi sí iná ààrò rẹ̀, iná tí kò kú rí láti ìgbà ẹni àkọ́kọ́ náà. Kírísítì ní, “Áńgọ́ọ̀sì kéré nígbà náà, ó ń wò. Omi yẹn pa iná, ó sì pa ohùn lẹ́nu òun náà. Ìwọ ńkọ́? Ṣé ohùn wà lẹ́nu rẹ?”

Àwẹ̀ró ní ó wà.

Arúgbó náà gbé aṣọ onírun àgùntàn kan jáde tó hun fúnra rẹ̀, ó rẹ ẹ́ sínú omi, ó tẹ́ ẹ sórí pákó, ó ní kí Àwẹ̀ró jókòó kọjú sí òun. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn obìnrin erékùṣù náà ṣe ń sọ aṣọ di kíki: wọ́n á gbá a mọ́ pákó, wọ́n á fà á yípo, wọ́n á tún gbá a, orin ni wọ́n sì fi ń bá ọwọ́ ara wọn rìn. Kírísítì kò kọrin. Orúkọ ló ń pè bí aṣọ ti ń balẹ̀. Bí Àwẹ̀ró bá fi ọmọ ṣíwájú baba, a ju etí aṣọ tútù náà sí i lójú, a ní kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Kí aṣọ náà tó ki, àwọn orúkọ ti wọ apá rẹ̀ lọ.

Ìgbà tí wọ́n dé orí ibi tí olúkúlùkù sùn sí, ojú ti Àwẹ̀ró. Ó sọ pé nílé àwọn, inú ilé ni wọ́n ń sin baba sí, ṣùgbọ́n Áńgọ́ọ̀sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sin òun síta, ní ṣóńṣó Imú Ilẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn òkúta kan tí òun tò síbẹ̀. Wọ́n ṣe é. Àfi bí àwọn apẹja ṣe bẹ̀rẹ̀ sí da òkúta sórí sàréè náà lọ́dọọdún, tí Fọlárìn sì ń sọ pé ààtàn ni ìlú sọ baba àwọn dà.

Kírísítì dá ọwọ́ dúró. “Òkúta pọ̀ ní ìlú yín ni?”

“Kò sí rárá, ìyá. Iyanrìn ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá ta ọkọ̀ lọ sí òkè odò ló ń rí òkúta.”

Arúgbó náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó bi í pé èwo ni òmùgọ̀ tí yóò gbé ìdọ̀tí láti òkè odò wá. Ó wá là á yé e pé ní erékùṣù àwọn, etí omi ni wọ́n ń sin baba sí, kí ó lè máa rí ọkọ̀ tó ń wọlé, ẹni tó bá sì kà á sí baba yóò gbé òkúta kan lé e lórí. Bí omi bá gbé ènìyàn lọ tí wọn kò rí òkú rẹ̀ sin, wọ́n á gbé òkúta fún òun náà. Àwẹ̀ró rántí pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni baba òun ń ṣe: nígbàkigbà tí apẹja bá bómi lọ, Áńgọ́ọ̀sì á gbé òkúta kan, lára èyí tí wọ́n fi mú ìdí ọkọ̀ tó fọ́ wúwo, lọ sí ṣóńṣó ilẹ̀, á sì tò ó síbẹ̀. Àwọn apẹja rí i, wọ́n kọ́ ọ, wọ́n sì san án padà fún un. Àwọn ọmọ rẹ̀ nìkan ni kò mọ̀.

Kò dúró jẹun àárọ̀ ọjọ́ kejì. Atẹ́gùn ṣe dáadáa fún un, òkun sì mí fún un lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó gúnlẹ̀ sí Imú Ilẹ̀, ó bá Fọlárìn ní ṣóńṣó ilẹ̀ tòun ti ọkọ́. Ọkùnrin náà ti rò ó pé bí wọ́n bá hú baba kí wọ́n tún un sin sí pálọ̀, òfin yóò rí i pé baba wọn ní ilé. Ó ti gbé òkúta díẹ̀ sọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ẹ sọ ọkọ́ yẹn kalẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Lọ́la ni wọ́n ń bọ̀, Àwẹ̀ró. Jẹ́ kí a gbé e wọlé kí wọ́n má fi í ṣe yẹ̀yẹ́.”

“Bí ẹ bá gbé e wọlé, baba àwa méjì ló kù. Bí ó bá wà níbí, baba gbogbo ìlú ni.”

Ó sọ ohun tó gbọ́ fún un. Fọlárìn fetí sí i dé òpin, ó sì sọ ọkọ́ náà kalẹ̀. Lẹ́yìn náà, àwọn méjèèjì fi ọwọ́ ara wọn dá àwọn òkúta náà padà.

Ní ọjọ́ kejì, Baálẹ̀ Akínṣèyẹ, àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú ṣùgbọ́n tí etí rẹ̀ mú, jókòó sórí àga ní Imú Ilẹ̀, àwọn ìjòyè yí i ká, ìlú sì kún bèbè. Wọ́n ní kí olórí ilé Makífì jáde. Fọlárìn bọ́ síwájú, ó ní òun fi ipò náà fún àbúrò òun, nítorí òun ló mọ ọ̀nà ilé baba wọn. Àwẹ̀ró bọ́ bàtà. Lásúdé fi í ṣẹ̀sín, ó ní ilé tí ọkùnrin wà tí obìnrin ń pe baba, àbí irùngbọ̀n òyìnbó náà ló kù sí i lágbọ̀n ni. Ìlú rẹ́rìn-ín. Baálẹ̀ ní òfin sọ pé ẹsẹ̀ òfìfo, kò sọ pé irùngbọ̀n, kí ó máa wí. Ìlú tún rẹ́rìn-ín, ó sì ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Àwẹ̀ró kò di nǹkankan mú, kò sì wo bàtà ẹnikẹ́ni. Ó ń lu àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mọ́ itan bí aṣọ ti ń balẹ̀ lórí pákó.

“Èmi ni Àwẹ̀ró ọmọ Áńgọ́ọ̀sì, tó sùn síbí yìí. Áńgọ́ọ̀sì ọmọ Íánì, tó kú nínú ọkọ̀ àwọn tí wọ́n lé, tó sùn sínú òkun nínú aṣọ ìgbòkun. Íánì ọmọ Alásítà, tó sùn sí etí omi erékùṣù rẹ̀. Alásítà ọmọ Murádò, tó sùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Murádò ọmọ Néèlì, ẹni tó kọ́kọ́ gúnlẹ̀, tó dá iná àkọ́kọ́, tó sùn sábẹ́ òkúta tó tóbi jù. Márùn-ún nìyẹn. Wọ́n da omi sí iná ilé wa nígbà tí ẹni tó mọ orúkọ wọ̀nyí dákẹ́. Èmi kò dákẹ́.”

Lásúdé kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ ń tán lẹ́nu rẹ̀. Ó ní orúkọ pé lóòótọ́, ṣùgbọ́n mẹ́rin nínú wọn kò sí nílẹ̀ yìí. Ẹnì kan tó sì wà níbẹ̀, ìta ni wọ́n jù ú sí, atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ. Ẹni tó nílé kì í sùn níta, àlejò ló ń sùn níta. Kí ọ̀rọ̀ lè parí níṣojú gbogbo ènìyàn, ó pàṣẹ kí àwọn oníbọn rẹ̀ tú òkìtì òkúta náà ká, kí wọ́n dà á sínú ọ̀sà.

Àwẹ̀ró gun orí òkìtì náà, ó dúró sí ṣóńṣó rẹ̀, ó sì kọjú sí ẹnu ìbọn.

“Ẹ̀yin ọmọ Idó Ọ̀sà, mo bi yín. Bí a bá ń sin òkú, ta ni í bu yẹ̀pẹ̀ sí i? Ọmọ rẹ̀ ni. Ilẹ̀ tí kò ní òkúta rèé, ẹ sì ń gbé òkúta láti òkè odò wá fún ọkùnrin yìí. Ẹ ti ń sin ín láti ọjọ́ tó ti kú, ẹ kò tíì sin ín tán. Bí ó bá jẹ́ àlejò, kí olúkúlùkù wá mú òkúta tirẹ̀. Ṣùgbọ́n tirẹ̀ nìkan ni kí ó mú. Ẹni tó bá ṣi ti ẹlòmíràn gbé, sàréè baba onítọ̀hún ló tú.”

Àwọn oníbọn náà sún mọ́ òkìtì náà. Èyí tó ṣíwájú wọn, Sọ́lẹ̀yẹ, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na ọwọ́ sí òkúta kan, ó fà á padà. Ó na ọwọ́ sí òmíràn. Ó wá gbé ìbọn rẹ̀ lélẹ̀.

“Ọ̀tún, ẹ má bínú,” ni ó wí. “Ti bàbá mi wà níbẹ̀. N ò mọ èwo ni.”

Àwọn yòókù kò tilẹ̀ na ọwọ́. Apẹja kan láàrin èrò ní ti àwọn náà wà níbẹ̀. Obìnrin kan ní òun gbé ti òun lọ́dún tí ọkọ òun yè bọ́ nínú ìjì. Ohùn ń gba ohùn, títí ó fi jọ pé gbogbo ilé tó wà ní Idó Ọ̀sà ló dáhùn. Lásúdé pàṣẹ lẹ́ẹ̀kejì, kò sì sí ẹni tó gbọ́. Ìgbà náà ni Baálẹ̀ Akínṣèyẹ dìde, ó fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ ìdí òkìtì náà.

“Ọ̀tún,” ni ó wí ní ohùn jẹ́jẹ́, “èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ti àbúrò rẹ ni. Ọjọ́ tí omi gbé ọmọ náà lọ tí a kò rí i, òyìnbó yìí ló gbé òkúta fún un. Mo wà níbẹ̀. Ṣé kí a dà á sínú ọ̀sà?”

Akọni ni Ọ̀tún Lásúdé náà, kò sì sẹ́ òkúta àbúrò rẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ó yí padà, ó gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ, ìrìn rẹ̀ ọjọ́ náà kò sì falẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Àwọn oníṣòwò gẹdú wá bèbè mìíràn.

Àwẹ̀ró gbé ayé pẹ́ lẹ́yìn náà, ọ̀dà kò sì kúrò ní èékánná rẹ̀ títí ó fi kú. Kò gba oyè tí wọ́n fi lọ̀ ọ́. Ohun tó béèrè ni kí wọ́n má ṣe lo òfin Pípe Baba láti lé ènìyàn mọ́, kí ó di ohun tí wọ́n fi ń gba ọmọ wọlé. Bẹ́ẹ̀ ló rí di òní. Ọmọ tí wọ́n bá bí ní Imú Ilẹ̀, ìbáà jẹ́ ọmọ Makífì tàbí ti ìsáǹsá ogun, bí ó bá ti lè sọ̀rọ̀, wọ́n á bọ́ bàtà rẹ̀, wọ́n á gbé e dúró sí ẹ̀gbẹ́ òkìtì náà, á pe baba márùn-ún. Ọmọ tí orúkọ tirẹ̀ kò bá pé nítorí pé ogun fọ́n wọn ká, wọ́n á fi Áńgọ́ọ̀sì àti Íánì àti àwọn tó ṣáájú wọn kún un fún un, kò sì sí ẹni tó lè fi í ṣẹ̀sín. Ìdí nìyí tí ẹ fi ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn arúgbó Idó Ọ̀sà tí wọ́n ń kì ọmọ wọn ní ọmọ Néèlì a-gúnlẹ̀-dáná, ọmọ Íánì a-fi-ìgbòkun-bora, ọmọ Agbẹ́kọ̀-má-rì tí ìlú sin tí wọn kò sin tán. Fún ẹni tó bá fẹ́ mọ ọjọ́ náà gan-an, Baálẹ̀ Akínṣèyẹ àti gbogbo ìjòyè rẹ̀ bọ́ bàtà, wọ́n fi ẹsẹ̀ òfìfo yí ààlà Imú Ilẹ̀ ká láti bèbè dé bèbè, wọ́n sì fi ilẹ̀ náà fún ilé Makífì àti gbogbo ẹni tó ń gbé lábẹ́ rẹ̀ títí láé, ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹta, ọdún 1894.